Ọjà Inú Igbá àti Ìpolówó: Èwo Ni Ó Ń Pe Èrò Wá Sí Ìkànnì Ayélujára?

Ọ̀rọ̀ tí Òṣìṣẹ́ Ìròyìn bá àwọn ará ìlú sọ ní Yàrá Ìkàwé, Rore, ní ilẹ̀ Igbómìnà

 

Ọ̀rọ̀ tí ẹ pè mí wá sọ lónìí kì í ṣe ti ajílẹ̀ tàbí ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, bí a ti máa ń sọ ọ́ nínú irú ìpàdé báyìí. Ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ orúkọ ìlú sì ni pẹ̀lú. Àwọn ọ̀dọ́ dá owó jọ láti ṣí ìkànnì kan fún ìlú lórí ayélujára, kí àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní Èkó, ní Àbújá, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà lè máa gbúròó ilé, kí oníṣòwò lè mọ ohun tí a ń gbìn, kí àlejò sì mọ ọ̀nà. Owó náà kò pọ̀. Ibi tí a ó ná an sí ni ìjà wà. Apá kan ní kí a fi í kó nǹkan gidi sí ojú ìkànnì náà, bí ìtàn, àwòrán àti iye owó ọjà. Apá kejì ní kí a fi gbogbo rẹ̀ ṣe ìpolówó, nítorí pé bí èrò kò bá mọ̀ pé ilé kan wà, kò sí ẹni tí yóò wọ inú rẹ̀. Ẹ wá ní kí òṣìṣẹ́ ìròyìn sọ tirẹ̀.

Kí àwọn àgbà tí ayélujára kò tí ì kan lára má baà jókòó lásán, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìkànnì jẹ́. Ó dà bí ìsọ̀ kan tí ènìyàn kọ́ sí etí ọ̀nà. Ọ̀nà náà gùn dé ìpẹ̀kun ayé, ìsọ̀ tí ó wà lẹ́bàá rẹ̀ kò sì níye. Ẹni tí ó ní fóònù lọ́wọ́ lè dúró sí Ìlọrin tàbí sí ilẹ̀ òkèèrè kí ó ṣí ilẹ̀kùn ìsọ̀ yìí, kí ó ka ohun tí ó wà níbẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ó bá wọlé, ẹ̀rọ a kà á. Iye àwọn tí ó ń wọlé yìí ni a ń pè ní èrò ìkànnì, ohun tí yóò sì sọ wọ́n di púpọ̀ ni a ń jiyàn lé lórí.

Àwọn tí ó ń gbè lẹ́yìn ìpolówó ní òwe kan lẹ́nu tí gbogbo wa mọ̀: ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Òwe náà kò purọ́. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Àwa Igbómìnà a sì máa sọ pé ogbó baba wa mọ̀nà, láti inú ogbó náà ni a sì ti rí orúkọ tí a ń jẹ́. Ìkànnì kì í ṣe ogbó ní tirẹ̀. Kò mọ ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. A ní láti fa èrò lọ́wọ́ wá sí ìdí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ tún òwe náà gbọ́ dáradára. Àgúnmu ni wọ́n pe ìpolówó. Àgúnmu a máa fún ara lókun, a sì máa lé àrùn jáde, ṣùgbọ́n ara tí ó wà láàyè ni a ń lò ó fún. N kò tí ì rí oníṣègùn tí ó gún àgúnmu fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò tí ì lóyún. Òwò ni kí ó kọ́kọ́ wà.

Àpẹẹrẹ kò jìnnà sí wa. Ẹ wo Èsìẹ́ tí ó wà nítòsí wa níhìn-ín. Ère òkúta tí ó wà níbẹ̀ lé ní 1,000: ọkùnrin, obìnrin, àwọn tí ó jókòó lórí àpótí, àwọn tí ó mú ohun ìjà lọ́wọ́. Irú òkúta rírọ̀ kan tí ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ ni a fi gbẹ́ wọn. Àwọn ará Èsìẹ́ ti mọ̀ wọ́n láti ìgbà pípẹ́, wọ́n sì ń bọ wọ́n. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ènìyàn ni wọ́n rí kí wọ́n tó di òkúta. Ṣùgbọ́n òkìkí wọn kò kan òde ayé títí di ọdún 1933, nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni H. G. Ramshaw, alábòójútó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Ìjọ C.M.S., dé ibẹ̀, tí ó sì ròyìn ohun tí ó rí. Ní ọdún 1945 ni a ṣí ilé tí a ń kó àwọn ère náà pa mọ́ sí. Òun ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Kì í ṣe Èkó ni ó kọ́kọ́ ní i, kì í sì í ṣe Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀. Igbómìnà ni.

Apá méjèèjì tí ó ń jiyàn nínú ìlú yìí lè fi ìtàn náà gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ìpolówó yóò ní: ní ọdún 1932, àwọn ère náà wà níbẹ̀ bí wọ́n ti wà ní ọdún 1934, kò sí ọ̀kan tí ó lẹ́wà sí i láàrín ọdún méjì yìí; ohun kan ṣoṣo tí ó yí padà ni pé ẹnì kan lanu sọ ọ́. Ó gba bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kejì yóò dá a lóhùn pé alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ a máa gba ọ̀pọ̀ abúlé kọjá lọ́dún, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ìròyìn rẹ̀ sọ di olókìkí. Èsìẹ́ ní ohun tí ó yẹ kí a ròyìn. Nígbà tí ariwo ìròyìn àkọ́kọ́ ti rọlẹ̀ tipẹ́, àwọn ọ̀mọ̀wé kò ṣíwọ́ àtimáa wá. Ọdún 1978 ni ìwé ńlá tí Phillips Stevens, ará Amẹ́ríkà, kọ lórí àwọn ère náà jáde, ọdún 45 lẹ́yìn ìròyìn Ramshaw. Ìròyìn ni ó ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n àwọn ère ni kò jẹ́ kí ilẹ̀kùn náà padé mọ́.

Síbẹ̀, kí n má baà ṣe ojúsàájú, ẹ bi ọmọdé kan ní Èkó nípa Èsìẹ́, kí ẹ sì bi í nípa Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ẹ̀yin náà mọ èyí tí yóò lè dáhùn. Òṣogbo ní ohun gidi, Èsìẹ́ pẹ̀lú ní ohun gidi. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni a ń lu agogo Òṣogbo ní oṣù kẹjọ, àjọ UNESCO sì kọ orúkọ igbó náà sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005. Ó dùn mí díẹ̀ láti sọ ọ́ ní ilẹ̀ Igbómìnà, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ọjà dídára tí a kò polówó a máa pẹ́ lórí igbá.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á padà sórí ayélujára, kí á wo bí èrò ṣe ń dé ìkànnì gan-an. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ orúkọ ìkànnì tí wọ́n ń wá. Ìbéèrè ni wọ́n ń tẹ̀ sínú fóònù, Google a sì fi ibi tí ìdáhùn wà hàn wọ́n. Ọdún 1998 ni ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, Larry Page àti Sergey Brin, tí wọ́n ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, dá ilé-iṣẹ́ Google sílẹ̀. Ẹ̀rọ wọn a máa lọ láti ojú ìwé kan sí òmíràn, a ka ohun tí ó wà níbẹ̀, a sì kó o pa mọ́ de ọjọ́ ìbéèrè. Ohun tí ó jẹ́ tuntun nínú ọgbọ́n wọn ni pé wọ́n ń pe ẹlẹ́rìí. Bí ìkànnì kan bá tọ́ka sí òmíràn pé, “Ẹ lọ wo ibẹ̀,” ẹ̀rọ a kà á sí ẹ̀rí. Ẹ̀rí ẹni tí àwọn mìíràn ń bọ̀wọ̀ fún sì tẹ̀wọ̀n ju ti ẹni tí a kò mọ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nígbà tí a bá ń gbọ́ ẹjọ́ ní ààfin.

Ibi tí ẹlẹ́rìí bá ti níye lórí, ẹ̀yin àgbà mọ ohun tí ó máa ń tẹ̀lé e: àwọn kan yóò ra ẹlẹ́rìí èké. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó kí ìkànnì mìíràn lè tọ́ka sí tiwọn. Àwọn mìíràn ń da ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kọ, wọ́n ń kó o kún ojú ìwé bí ẹni ń kó fùlùfúlù sínú àpò kí ó lè tóbi. Ní ọdún 2011 Google yí ìṣirò rẹ̀ padà, ó pe àyípadà náà ní Panda, ó sì rẹ àwọn ìkànnì tí kò ní ọ̀rọ̀ gidi nínú sílẹ̀. Ní ọdún 2012 ó mú òmíràn wá tí ó ń jẹ́ Penguin, èyí tí ó kojú àwọn tí ń ra ẹ̀rí. Àwọn kan tí òwò wọn dúró lórí ẹ̀tàn yìí jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá ọjà ní òfìfo.

Ọ̀nà kejì tí èrò ń gbà dé ni ìpolówó tí a sanwó fún. Láti ọdún 2000 ni Google ti ń ta àyè lókè ojú ìwé ìdáhùn rẹ̀ fún ẹni tí ó bá lè sanwó, Facebook náà sì ń ta àyè tirẹ̀. N kò bú u. Ó ní àǹfààní tí ọ̀rọ̀ kíkọ nìkan kò ní, nítorí pé kíákíá ni ó ń ṣiṣẹ́, a sì lè yan àwọn tí a fẹ́ kí ó kàn. Bí ọdún ìlú bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí ìdí tí a ó fi máa retí kí Google mọ̀ wá. Ẹ sanwó, kí àwọn ọmọ ìlú tí ó wà lẹ́yìn odi gbọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí owó bá tán ni èrò dá. Ó dà bí omi tí a ń rà lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ omi: ó dé kíákíá, ó sì tutù, ṣùgbọ́n lọ́la a ó tún pè é, a ó tún san. Ọ̀rọ̀ gidi tí a kọ dà bí kànga. A ó wà á títí ọwọ́ yóò fi bó, oṣù mélòó kan sì lè kọjá kí omi tó yọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti yọ, ẹni tí a kò mọ̀ rí yóò máa bu níbẹ̀ ní òru nígbà tí àwa ń sùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú sí èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, nítorí pé owó yín wà nínú rẹ̀. Mo gbọ́ pé ẹnì kan ti wá bá àwọn ọ̀dọ́, ó ní bí wọ́n bá kó owó náà lé òun lọ́wọ́, òun yóò mú 10,000 èrò wọ ìkànnì náà láàrín ọ̀sẹ̀ kan. Ó ṣeé ṣe kí ó mú wọn wá ní tòótọ́. Ẹ̀rọ wà tí ó lè ṣí ìkànnì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, a ó sì ka ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ èrò. Àlejò tí kò ní ojú, tí kò ní ẹnu, tí kò sì ní àpò, kí ni ó fẹ́ rà lọ́wọ́ yín? Ẹ bi ọ̀gbẹ́ni náà léèrè ohun mẹ́ta kí ẹ tó ka owó fún un. Ibo ni àwọn èrò wọ̀nyí ti ń bọ̀? Ìṣẹ́jú mélòó ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò dúró? Mélòó nínú wọn ni yóò padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì láìjẹ́ pé a tún sanwó? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ fún un ní omi tútù, kí ẹ sì kí i pé ó dàbọ̀.

Kì í ṣe kékeré nìkan ni ariwo ń tàn jẹ. Ní Amẹ́ríkà, ilé ìtajà kan wà lórí ayélujára tí ó ń jẹ́ Pets.com, tí ó ń ta oúnjẹ ajá àti ti ológbò. Ní oṣù kìíní ọdún 2000 ó ná owó tí ó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là sórí ìpolówó kan ṣoṣo lórí tẹlifíṣọ̀n, nígbà ìdíje bọ́ọ̀lù tí gbogbo orílẹ̀-èdè náà ń wò. Gbogbo ènìyàn mọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tí ó ń ta ọjà kò tó iye tí ó ń rà á, ẹrù oúnjẹ ajá sì wúwo láti fi ránṣẹ́. Kí ọdún náà tó parí, ó ti ìlẹ̀kùn.

Àwọn ọlọ́gbọ́n oníṣòwò ti rí i láti ìgbà àtijọ́ pé a lè fi ọ̀rọ̀ tí ó wúlò ṣe ìpolówó, tí ohun méjèèjì yóò fi di ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ John Deere tí ń rọ ohun èlò oko ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn kan fún àwọn àgbẹ̀ ní ọdún 1895, tí a ń pè ní The Furrow. Ìmọ̀ iṣẹ́ oko ni ó kún inú rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó bá kà á a rí ọgbọ́n kọ́, ọjọ́ tí ó bá sì fẹ́ ra ohun ìtúlẹ̀, ẹni tí ó ti ń kọ́ ọ ni ọkàn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ sí. Nílé wa níhìn-ín, ọdún 1859 ni Àlùfáà Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn fún àwọn Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta, nígbà tí àwọn tí ó mọ̀wé kò tí ì pọ̀. Ìròyìn ìjọ, ìrìn àjò àwọn ènìyàn pàtàkì àti ọ̀rọ̀ òwò ni wọ́n ń bá nínú rẹ̀, ní èdè tí wọ́n fi ń bá ìyá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn tí ń polówó ọjà ní ìgboro náà mọ ọgbọ́n yìí. Ẹni tí ó ru ẹ̀kọ kò kàn ń pariwo lásán. Orúkọ ọjà rẹ̀ ni ó ń pè, ó sì ń sọ bóyá ó gbóná.

Kí wá ni Rore ní tí ẹlòmíràn kò ní? Ìbéèrè tí ó yẹ kí á máa bi ara wa nìyẹn, kí á tó bèèrè iye tí ìpolówó jẹ́. Ìtàn Nàìjíríà ti wà lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìkànnì. Bí a bá dà á kọ, kò sẹ́ni tí yóò tìtorí rẹ̀ yà sọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ oríkì àwọn agboolé wa bí kò bá ṣe àwa? Ta ni yóò sọ fún ẹni tí ń bọ̀ láti Ìlọrin pé kí ó gba Àjàṣẹ́-Ìpo sí ìhà Òmù-Àrán, kí ó sì júwe ibi tí yóò ti yà àti iye owó ọkọ̀? Ta ni yóò kọ iye tí a ń ta iṣu àti kajú ní ọ̀sẹ̀ yìí, tí yóò sì kọ ọjọ́ rẹ̀ síbẹ̀? Ọmọ wa kan tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù lè fẹ́ mọ ìtumọ̀ orúkọ baba rẹ̀ àgbà ní òru ọjọ́ kan. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù tí kò rí ohunkóhun, yóò gbà pé kò sí ohunkóhun ni.

Ìmọ̀ràn díẹ̀ kù lórí bí a ó ṣe kọ ọ́. Àkọlé ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ni ìpolówó rẹ̀. Ẹ má ṣe kọ “Ẹ káàbọ̀” sí iwájú gbogbo rẹ̀. Ẹ kọ “Ọ̀nà láti Ìlọrin dé Rore,” nítorí pé ohun tí ẹni tí ó ń wá ọ̀nà yóò tẹ̀ nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹ sì kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí Townsend ti fi Gẹ̀ẹ́sì kún ìwé tirẹ̀ ní ọdún 1860. Ẹ dín àwòrán kù. Fóònù ni ọ̀pọ̀ èrò fi ń wá, àwòrán ńlá a máa jẹ dátà wọn. Ẹni tí ó bá sì dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà kí ilẹ̀kùn tó ṣí yóò bá tirẹ̀ lọ. Kí ẹnì kan pàtó sì wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àtúnṣe. Ìkànnì tí iye owó iṣu ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ṣì wà lórí rẹ̀ burú ju kí ìkànnì má sí lọ, nítorí pé ó ń purọ́ mọ́ ìlú.

Ní ti owó tí ẹ dá jọ, bí ó bá jẹ́ èmi, nínú náírà mẹ́wàá, méje ni n bá fi ṣe ọ̀rọ̀ àti àwòrán, àti láti fún ọ̀dọ́ tí yóò máa tún un ṣe ní owó dátà. N bá fi mẹ́ta pa mọ́ fún ìpolówó, n kò sì ní fọwọ́ kàn án títí ìkànnì náà yóò fi ní ó kéré tán ogún ojú ìwé tí mo lè fi han àlejò láìtijú. Nígbà náà ni n bá ná an sí àkókò ọdún ìlú àti ìgbà ìkórè. Ìpolówó mìíràn wà tí kò gba owó rárá: ẹ fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lórí WhatsApp, ẹ kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́sálásí, kí ẹ sì lọ bá àwọn ìlú Igbómìnà tí ó yí wa ká, kí ìkànnì tiwọn tọ́ka sí tiwa, kí tiwa náà sì tọ́ka sí tiwọn nítorí ohun tí ó wúlò níbẹ̀. Ẹ̀rí aládùúgbò nìyẹn. A kò rà á.

Mo mú ìwé ìkọ̀wé mẹ́ta wá, wọ́n wà lórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé. Ọ̀kan wà fún oríkì àti ìtàn àwọn agboolé, ọ̀kan fún ọjà àti iye owó rẹ̀, ọ̀kan fún ọ̀nà àti ibi tí àlejò lè sùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ pín wọn láàrín ara yín lálẹ́ òní, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó dàgbà jù ní agboolé kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ohùn wọn ṣì wà. Ẹni tí kò lè kọ ọ́, kí ó sọ ọ́ sínú fóònù ọmọ rẹ̀. N óò padà wá kà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin òní. Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè, àyè ti ṣí.